Ohun Tí Mo Kọ Sẹ́yìn Ọkọ̀ Salahudeen

Sheffield,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, 2024.

Bàbá mi,

Àsàlámù alékùn. Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ṣé ara yín le? Etí ńkọ́? Ẹ ò kúkú fẹ́ kí n pè yín lórí fóònù, ẹ ní ṣe ni ohùn mi ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú àgbá, ni mo bá jókòó tí mò ń kọ lẹ́tà bí ọmọ iléèwé. Qaanitah ní òun á tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́bàá Tinúbú, tí ẹ bá sì ti fèsì, òun á ya èsì yẹn sí fóònù ránṣẹ́ sí mi. Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Òun nìkan ló ń tọ́jú yín nínú àwa méjèèjì, mo mọ̀, ẹ má tún wí i.

Òtútù ibí kò ṣe é fẹnu sọ. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí tábìlì kan tí mo gbé sẹ́bàá fèrèsé ni mo máa ń wà, mo ń to ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ gidi o. Ọkọ̀ ogun kéékèèké ni, tó ṣe é gbé sí àtẹ́lẹwọ́. Inú páálí ni wọ́n ń kó o sí, táyà lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀. Mo á fi ẹ̀mú mú wọn, mo á fi góòmù lẹ̀ wọ́n, mo á wá kùn wọ́n lọ́dà títí wọn á fi jọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé. A pọ̀ tí à ń ṣe é níbí, àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wa, a sì máa ń pàtẹ wọn fún aráyé wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Èyí tí mò ń tò báyìí, tiyín ni. Nígbà tí mo wálé lórí ọ̀rọ̀ ikú Màmá, mo rí fọ́tò kan nínú àpótí yín. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹ gbé fìlà sójà sí ẹ̀gbẹ́ kan orí, ẹ dúró ti ẹ̀yìn ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Ferret. Mo yà á sórí fóònù mi. Mi ò tọrọ àyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ogun abẹ́lé yẹn láti kékeré ni pé ẹ lọ, àti pé òun ló ba etí yín jẹ́. Ó parí.

Ẹ ràn mí lọ́wọ́. Irú àwọ̀ ewé wo ni ọkọ̀ yẹn? Fọ́tò náà ò ní àwọ̀. Ẹ̀rọ ni ẹ fi fọ́n ọ̀dà sí i ni àbí búrọ́ọ̀ṣì? Kí sì ni ẹ kọ sẹ́yìn rẹ̀? Mo rí nǹkan funfun níbẹ̀, òjìji yín ló bò ó.

Ọmọ yín,
Haleem.


Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Èkó,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, 2024.

Haleem ọmọ mi,

Waalékúmú sàlámù. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ní àkọ́kọ́, ẹ̀rín pa mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ń fi ọkọ̀ ṣeré! Mo pe Qaanitah kó wá kà á bóyá ojú mi ni kò ríran, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń retí pé wàá ní o ti rí ìyàwó mìíràn.

Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú bí mi. Ta ló ní kí o ṣí àpótí mi? Ìyá rẹ bá mi gbé títí ó fi kú, kò ṣí i rí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kàn ń fi fóònù ya gbogbo nǹkan bí ẹni ń kó ẹ̀rí jọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo wá rántí ọ̀dà. Àwọ̀ ewé yẹn kò sí nínú ìgò kankan tí o lè rà, èmi ni mò ń pò ó. Kí n tó wọṣẹ́ sójà, o mọ̀ pé èmi ni mò ń kọ nǹkan sára lọ́rì fún gbogbo àwọn awakọ̀ Èkó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí síbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọ̀dà tí wọ́n ń kó fún wa máa ń dán jù. Ìdajì agolo mílíìkì ọ̀dà dúdú ni mo máa ń dà sí gálọ̀nù kan, mo á bu kẹrosíìnì díẹ̀ lé e kí dídán rẹ̀ lè kú. Búrọ́ọ̀ṣì la fi ń kùn ún o. Tí tìrẹ bá ti jọ̀lọ̀ jù, irọ́ lo pa. Jẹ́ kí ipa búrọ́ọ̀ṣì hàn. Ẹrẹ̀ ojú ogun yẹn pupa, ó máa ń mu táyà dé ìdajì.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, fi í sílẹ̀ lófìfo. Mi ò rántí ohun tó wà níbẹ̀.

Alhaja Mariyah tó ń ta ẹ̀gúsí àti ìrẹsì ní ọjà Sandgrouse ní kí n kí ọ. Látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, kò sí Jímọ̀ kan tí kì í gbé oúnjẹ wá fún mi, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn. Ó ní ṣé o ti gbàgbé òun ni. Fi bátìrì ẹ̀rọ tí mo ń fi sí etí ránṣẹ́ tí o bá rí ẹni ń bọ̀, èyí tí wọ́n ń tà níbí kì í pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Bàbá rẹ,
Fàtáì.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Allah á gbà á lọ́wọ́ wa. Mo po ọ̀dà yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, àyàfi kẹrosíìnì. Walahi, ọkọ̀ náà yí padà lójú mi. Mo fi í han ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹgbẹ́ wa, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni.

Ẹ wá gbọ́ o. Mo gbé fọ́tò yín sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ ẹ́, mo tan ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji yẹn díẹ̀díẹ̀. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti rí i kà! ÌYÁ Ń RETÍ. Lẹ́tà yín gangan ni, pẹ̀lú R yín tí ìrù rẹ̀ máa ń wọ́ lọ sábẹ́ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Kí ló dé tí ẹ ní ẹ ò rántí? Ọ̀rọ̀ tó dùn báyìí! Ìyá tiyín ni ẹ kọ ọ́ fún ni?

Mo tún rántí nǹkan kan. Alhaja Mariyah sọ fún mi nígbà kan pé ẹ̀gbọ́n òun Salahudeen àti ẹ̀yin lẹ jọ wọṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà, pé ó sọnù lójú ogun. Mo mọ ìyá wọn, ìyá arúgbó tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó máa ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ṣé Salahudeen mọ ọkọ̀ yìí? Ẹ sọ díẹ̀ fún mi nínú rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàtẹ wa.

Haleem.


Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin, 2024.

Haleem,

Pa á rẹ́.

Má bi mí léèrè ìdí. Tí o bá ti kọ ọ́, fi ọ̀dà bò ó. Tí o kò bá tíì kọ ọ́, má kọ ọ́. Bàbá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Fàtáì.


Sheffield,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo rí lẹ́tà yín. Ohun tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá gùn jù ú lọ.

Mi ò pa á rẹ́. Mo ti kọ ọ́ kí lẹ́tà yín tó dé, ọwọ́ mi kò sì gbé e láti fi ọ̀dà bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kéré ju hóró ìrẹsì lọ. Sátidé méjì ni mo fi kọ ọ́, tí mo ń mí díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n. Níbi ìpàtẹ, àwọn èèyàn ń tẹ̀ síwájú ọkọ̀ yín wò, wọ́n ń bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Mo sọ fún wọn. Obìnrin kan sunkún.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo fi agolo tòmátò ṣe ọkọ̀ ogun. Mo gbé e wá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wò ó, ẹ fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ wọlé lọ jẹun. Títí dòní, ẹ ò sọ ohun tí mo ṣe. Bóyá láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń to ọkọ̀ tí ẹ máa wò tí ẹ ò ní tẹ̀ pa.

Jíbrílù tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti gbé ọkọ̀ náà lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú bátìrì yín. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi ṣe.

Haleem.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Jíbrílù ní ọwọ́ yín gan-an lòun fi ọkọ̀ náà lé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Tí mo bá béèrè lọ́wọ́ Qaanitah, á ní, "Wọ́n wà." Wọ́n wà kẹ̀? Ẹ bú mi nígbà náà. Èyí tí ẹ dákẹ́ yìí ni mi ò lè gbà.

Haleem.


Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà, 2024.

Haleem ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Ọkọ̀ náà dé. Mo fi aṣọ wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé kò dára o. Ó dára débi pé mo fẹ́ fi èékánná ha ẹrẹ̀ ara táyà rẹ̀ kúrò. Mo rí i pé ọwọ́ mi lo ní, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Iléyá, mo lọ kírun ní Yídì. Qaanitah ń gbálẹ̀ fún àlejò, ó rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó rò pé mo ti gbàgbé ibi tí mo gbé e sí ni. Ó nù ún, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Má bá a wí. Nígbà tí mo máa fi dé, Mariyah ti wà ní pálọ̀, ó gbé abọ́ ẹran sórí orúnkún. Kò kí mi kú ọdún. Ó fi ìka kan ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.

"Bọ̀ọ̀dá Fàtáì, ẹ̀yin lẹ kọ bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ ọwọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀gbọ́n mi sì nìyí."

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni lóòótọ́. Níbi tí àwa ọ̀dọ́ bá kóra jọ sí ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, Salahudeen á dìde, á ní, "Ìyá ń retí." A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé bárékè. Òun ló ń wa Ferret yẹn. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Fàtáì, kò sí lọ́rì tí o kò kọ nǹkan sí ní Èkó, ti ọ̀rẹ́ rẹ nìkan ló wá ṣófo." Ìwọ náà wò ó. Ta ló máa gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ tó mọ́ báyẹn síwájú akọlọ́rì Èkó, tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní yún un? Mo gbàgbé pé ojú ogun la wà. Ọ̀dà funfun ni mo fi kọ ọ́, gàdàgbà gadagba, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sí lọ́rì tó ń lọ Ìjẹ̀bú. Inú wa dùn, a ya fọ́tò.

Ọ̀gá wa rí i nírọ̀lẹ́, ó pariwo mọ́ mi, ó ní kí n fi ọ̀dà bò ó kíá. Mo ti po ọ̀dà tán. Salahudeen di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ kó bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí mo bá dé lọ́la, kó o wá bò ó." Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Wọ́n jáde ní ìdájí. Ní ìdí afárá kan, àwọn ọ̀tá ti ń dúró dè wọ́n. Salahudeen yí ọkọ̀ padà kó lè máa bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wá kọjú sí wọn. Ẹni tó yè bọ́ nínú wọn ló sọ fún mi pé inú igbó ṣókùnkùn, pé ọ̀rọ̀ funfun yẹn nìkan ni èèyàn lè rí, òun sì ni wọ́n ń yìnbọn sí. Èmi wà lára àwọn tó lọ wọ́ ọkọ̀ náà. Mo rí i, Haleem. Èmi ni mo gbé òkú rẹ̀ sílẹ̀, èmi ni mo fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì a sá kúrò níbẹ̀, gbogbo nǹkan dàrú, ìwé tó dé Èkó sì ní wọn kò rí i.

Mo padà wálé ní 1970. Ìyá rẹ̀ di ẹ̀wù mi mú ní títì. "Ọ̀rẹ́ rẹ dà?" Mo ní wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn. Ó ní, "Ó wà láàyè?" Mo ní, "Ó wà láàyè nígbà tí mo rí i kẹ́yìn." Nítorí tí mo bá ní ó ti kú, á bi mí pé kí ló pa á.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá yẹn fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò ṣe fìdáù fún Salahudeen, wọn ò pín aṣọ rẹ̀, ta ló ń ṣàdúrà òkú fún ẹni tó ṣì ń bọ̀ nílé? Èmi ni mo máa ń kí i ní àárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Á ní, "Fàtáì, o ò tíì gbúròó?" Mo á ní, "Rárá, ìyá." Ọjọ́ tí o gbé ọkọ̀ agolo pàdé mi, ẹ̀yìn tí mo kí i tán ni. Ìwọ kọ́ ni mo tẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ tipẹ́, mò ń bẹ̀ ọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Mariyah bi mí. "Ṣé ẹ rí òkú rẹ̀?" Mo ní mo rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀dà, ó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Kì í ṣe ọ̀dà, Bọ̀ọ̀dá. Ọmọdé ni yín, ẹ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá ń jẹun nílé wa, ẹ sì ń wo ojú ìyá mi." Ó gbé abọ́ ẹran sílẹ̀, ó bọ́ sóde. Jímọ̀ kan ti kọjá, mi ò rí i.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, ibùdókọ̀ mẹ́rin ni mo fi ré ilé kọjá. Mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, mi ò mọ̀ pé òjò ń pa mí.

Ẹ ní kí n pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, mi ò gbọ́. Mo rò pé ìgbéraga yín ni. Mo ń wá nǹkan yín tí mo lè fi yangàn láàárín àwọn èèyàn, mi ò bi ara mi pé ta ló tún ni ín. Mo dúró níwájú àlejò, mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí èmi alára kò mọ̀. Bàbá mi, ẹ dárí jì mí. Ojú ń tì mí.

Ṣé kí n wá? Ọ̀gá mi á fún mi láyè. Ṣé kí n kọ̀wé sí Alhaja? Ẹ ní kí Qaanitah fọ́ ọkọ̀ náà, kí ó dà á nù. Mo ti kó àwọn tó kù kúrò lórí tábìlì.

Ní ti ọkọ̀ agolo yẹn, ó ti tán nínú mi.

Haleem.


Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje, 2024.

Haleem ọmọ mi,

Mi ò tètè fèsì, mo fẹ́ ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe ná.

Jímọ̀ kejì tí Mariyah ò wá, mo kírun tán, mo gba agboolé wọn lọ. Wọn ò pè mí. Mo bá olórí ẹbí wọn, mo ní kó pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ọ̀dà, afárá, ṣọ́bìrì, irọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn dìde sí mi pẹ̀lú ìbínú, ó ní ṣé bàbá àgbà yìí ò ní ìtìjú ni. Mariyah ní kó jókòó. Òun alára ò wo ojú mi.

Sunday ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe fìdáù Salahudeen. Àlùfáà béèrè ọjọ́ tó kú. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dé orí wákàtí. Nígbà tí mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, mo gbọ́ tí Mariyah ké, igbe kan péré. Ó ní ní ọjọ́ yẹn gan-an, òun àti ìyá òun lọ ra aṣọ ọdún fún un.

Ọkọ̀ rẹ, a ò fọ́ ọ. Mariyah ní kí Qaanitah gbé e wá fún òun, ó ti wà nílé wọn. Kò gbé oúnjẹ wá mọ́. Tí mo bá sálámà sí i lójú ọ̀nà, ó ń dáhùn, ó sì ń kọjá lọ. Mi ò ṣàròyé, ohun tí mo gbà kò tíì tó ohun tí mo ṣe. Má kọ̀wé sí i ní báyìí. Wá sílé, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé mo fẹ́ rí ọ ni.

Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, wọ́n pín in fún ẹbí. Mi ò retí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni Qaanitah gbé ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan wọlé, ó ní Alhaja ló ní kí òun gbé e fún mi, pé ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Jímọ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò kọjá ìgbọ̀nwọ́ mi. Qaanitah ní kí n jẹ́ kí òun bá mi fà á, ni ìránpọ̀ èjìká bá fẹ́ já. Mo bọ́ ọ, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí mo bá ń rò ó, bàbá bíi tèmi ni mo máa ń rí, tó ti hewú, tó ń bínú sí mi. Ìgbáàyà ṣẹ́ẹ̀tì yẹn kò ju ti àwọn ọmọ tó ń jáde iléèwé ní ìsàlẹ̀ wa níbí lọ. Ọmọdé ló bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó bá òun lọ lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì gbà fún un.

Haleem, a kéré. A kéré gan-an.

Bàbá rẹ,
Fàtáì.